Ẹ̀rọ ìlagi tuntun ní Àkúrẹ́: oníná, onípẹtiróòlù, àbí onídísẹ́lì?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn kan padà sílé. Bí igi tí ẹ ń dá lóṣù kò bá kún ẹ̀yìn pickup kan, ẹ má ra ẹ̀rọ ìlagi. Ẹ pe àwọn géńdé aláàáké, ẹ san owó iṣẹ́ wọn, ẹ fi ìyókù gbọ́ bùkátà mìíràn. Ẹni tí ẹ̀rọ yìí wà fún ni ẹni tí igi ń jẹ lówó lójoojúmọ́: oníbúrẹ́dì, ẹni tó ń yan ẹja, ẹni tó ní ẹbu epo pupa, alásè tó ń gba iṣẹ́ òde, àti àwa tí à ń ta igi fún gbogbo wọn.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro yé. Ẹ́ńjìnnì tàbí mọ́tò iná ń yí páńpù, páńpù ń ti ọ́ìlì sínú sílíńdà, ọ̀pá inú sílíńdà á wá ti ìtì igi mọ́ irin ẹlẹ́nu mímú títí yóò fi pín sí méjì. Jáàkì tó ń gbé ẹ̀yìn típà sókè náà ni, wọ́n kàn dá a dùbúlẹ̀ ni. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà pupa àti orúkọ ńlá gbé yín lọ. Ohun tí ẹ máa bi ara yín ni pé, bó bá kọṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé tí òde kún ìlú, ta ló lè tún un ṣe ní Àkúrẹ́, páàtì wo ni yóò sì fi ṣe é?

Ẹ fi téépù wọn tọ́ọ̀nù

Gbogbo páálí ló ń pariwo tọ́ọ̀nù, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ fi ń ti igi. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìsọ̀ ṣe sábà máa ń lọ:

"Ọmọ mi, tọ́ọ̀nù mélòó nìyí?"

"Ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù ni, Mọ́mì. Kò sígi tí kò ní là."

"Ó dáa. Bá mi wá téépù."

Mọ́mì yẹn gbọ́n. Ohun méjì péré ló ń sọ bí agbára ẹ̀rọ náà ṣe tó: bí inú sílíńdà ṣe fẹ̀ tó, àti bí páńpù ṣe ń ti ọ́ìlì le tó, èyí tí wọ́n ń kọ ní PSI (iye pọ́n-ùn tó ń ti ínǹṣì kan níbùú lóròó). Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ onípẹtiróòlù wà láàárín PSI 2,500 sí 3,000. Ẹ mú sílíńdà tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní ínǹṣì 4. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 2. 2 lọ́nà 2 jẹ́ 4. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.14, ó di 12.56. Ẹ sọ ìyẹn náà di ìlọ́po 3,000, pọ́n-ùn 37,680 lẹ rí yẹn. Pọ́n-ùn 2,000 ni tọ́ọ̀nù kan lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, tọ́ọ̀nù 18.8 péré ni. Bí páńpù bá jẹ́ ti 2,500, ó já sí 15.7. Sílíńdà ínǹṣì 4½ ní PSI 3,000 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 24, ti ínǹṣì 5 ló sì ń sún mọ́ 30. Bí ẹ bá wá rí sílíńdà ínǹṣì 4 tí wọ́n lẹ "30 ton" mọ́ lára, ẹ ti mọ̀ pé bébà ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe irin.

Ìta sílíńdà nìkan ni téépù lè dé, torí náà ẹ yọ bí ìdajì ínǹṣì lápapọ̀ fún ìnípọn irin lápá méjèèjì. Kò ní péye tán, àmọ́ irọ́ ńlá kò lè sá fún un. PSI ní tirẹ̀ máa ń wà nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá. Ọlọ́jà tí kò bá fẹ́ kí ẹ ka ìwé náà kí ẹ tó sanwó, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Tọ́ọ̀nù mélòó wá lẹ nílò? Igi ló ń sọ. Mẹ̀línà rọ̀, tíìkì sì dúró gbọnrangandan, àwọn méjèèjì kì í yọni lẹ́nu. (Mẹ̀línà tó pọ̀ ní ìgbó ọba Olúwa, nítorí ilé iṣẹ́ bébà Ìwópìn ni wọ́n ṣe gbìn ín níjọ́ sí. Ẹ má gé e láìgba ìwé àṣẹ o.) Ayín ni àwọn oníbúrẹ́dì fẹ́ràn jù torí iná rẹ̀ kì í tètè kú, ṣùgbọ́n ó le. Ìrókò àti ọ̀gànwó ni kí ẹ fura sí: òwú inú wọn lọ́ mọ́ra, bí ẹnu irin bá ti wọ̀ ọ́ kì í pín bọ̀rọ̀, ńṣe ló ń fà ya. Fún igi ilé àti ẹ̀ka kòkó tó gbó, tọ́ọ̀nù 7 tó. Fún ìtì tó nípọn ní ẹsẹ̀ bàtà kan sókè, ẹ má lọ sísàlẹ̀ 20. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó igi ọ̀pẹ sórí rẹ̀ rárá. Fọ́nrán lásán ni inú rẹ̀, yóò kàn há mọ́ ẹnu irin ni.

Oníná àti onípẹtiróòlù

Oníná dára lójú. Kò ní kabúrétọ̀, kò ní púlọ́ọ̀gì, kì í rú èéfín, ẹ sì lè lò ó ní Ìjàpọ̀ tàbí Alágbàká láìjẹ́ kí ará ilé kejì wá kan ìlẹ̀kùn. Mọ́tò rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ wáàtì 1,500 sí 2,200, agbára rẹ̀ tọ́ọ̀nù 5 sí 7. Bí iná bá dúró dáadáa ní àdúgbò yín, tí igi yín kò sì nípọn, ẹ rà á, ẹ ò ní kábàámọ̀.

Ṣùgbọ́n iná wa ńkọ́? Bí iná bá wálẹ̀, mọ́tò á máa kùn láìyí, wáyà inú rẹ̀ á gbóná, ẹ óò sì gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó rí èéfín. Wáyà gígùn tín-ín-rín tí à ń fà láti pálọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé máa ń dá irú wàhálà yìí sílẹ̀ bákan náà. Ẹ lo èyí tó nípọn, tí wọ́n ń pè ní 2.5mm, kí ó má sì gùn jù. Àwọn kan á ní àwọn yóò fi jẹ́n gbé e. Jẹ́n kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní I better pass my neighbour kò lè jí i, torí iná tí mọ́tò ń fà nígbà tó bá ń gbéra pọ̀ ju èyí tó ń lò nígbà tó bá ti ń yí lọ. Jẹ́n tó tó 5kVA ló lè ṣe é láìjanpata. Bí ẹ bá máa ra ìyẹn, tí ẹ tún máa rọ pẹtiróòlù sí i, kí ló dé tí ẹ ò kúkú ra ẹ̀rọ onípẹtiróòlù látìbẹ̀rẹ̀?

Ní tèmi, onípẹtiróòlù ni mo máa ní kí ọ̀pọ̀ èèyàn rà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Kì í ṣe pé ó lágbára jù nìkan. Ẹ́ńjìnnì orí rẹ̀, tí kì í sábà kúrò láàárín 196cc sí 212cc, jẹ́ irú èyí tó wà lórí páńpù omi àti ẹ̀rọ tí àwọn bíríkìlà fi ń ki kọnkéré. Mẹkáníìkì jẹ́n èyíkéyìí ní Ìsìkàn tàbí Road Block ti tú u rí. Púlọ́ọ̀gì, kabúrétọ̀, okùn ìfà, gbogbo rẹ̀ wà lọ́jà. Ẹ́ńjìnnì Honda GX200, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣe tiwọn jọ, ń mu bí lítà 1.7 ní wákàtí kan bó bá ń sáré tán. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta lítà lónìí ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó dá owó lé igi yín. Ẹ sì tún lè so ó mọ́ ẹ̀yìn pickup lọ sí oko ní Ìdànrè, kí ẹ là á níbẹ̀, kí ẹ kó o wálé ní wẹ́wẹ́.

Èyí tí à ń fọwọ́ tẹ̀ wà, ti tọ́ọ̀nù 10. Ó ń là, àmọ́ apá yín á ti kú kí ìtì ogún tó tán. Oníkẹ̀kẹ́ wíwúwo, tó jẹ́ pé àgbá irin tó ń yí ló ń ti igi, tí kì í lo ọ́ìlì rárá, yára bí àṣá lórí igi tó tọ́. Bó bá kan igi tó lọ́, ńṣe ló ń ta padà. Mo fò ó.

Onídísẹ́lì

Gbogbo ẹni tó ti dé ibi tí wọ́n ń rin gbágùúdá mọ ẹ́ńjìnnì yìí: oní-sílíńdà kan, olómi lórí, tí à ń fi irin wé kó tó jí. R175 àti S195 ló wọ́pọ̀. Ó wúwo, ariwo rẹ̀ pọ̀, kò sì ṣeé gbé kiri. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ìsọ̀ igi tó dúró sójú kan, tí típà ń já ìtì sílẹ̀ fún yín, òun ló yẹ yín. Dísẹ́lì tó ń jẹ kéré sí iṣẹ́ tó ń ṣe, á sì máa ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́ láìráhùn, bí ẹ bá ṣáà ti ń wo omi rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí omi gbẹ lórí rẹ̀. Bó bá sì gbẹ, ẹ má rọ omi tútù lé irin gbígbóná, kí orí rẹ̀ má baà sán.

Ti òkè òkun àbí ti alájórin?

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ẹ̀rọ tí wọ́n kó wá sábà máa ń gba igi tí kò ju ínǹṣì 24 lọ, oníná kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ibi ìdáná òyìnbó ni wọ́n fi wọn èyí. Ọ̀pọ̀ ààrò búrẹ́dì tiwa ń fẹ́ igi tó gùn jù bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ wọn ẹnu ààrò àwọn oníbàárà yín kí ẹ tó ra ohunkóhun, kó má di pé ẹ̀ ń gé igi lẹ́ẹ̀mejì.

Alájórin Àkúrẹ́ lè ṣe èyí tó máa gba ínǹṣì 36 fún yín. Ó máa falẹ̀ díẹ̀: bí páńpù bá ń tú gálọ̀nù 11 jáde ní ìṣẹ́jú kan, sílíńdà ínǹṣì 4 máa fi bí ìṣẹ́jú àáyá 7 rin ínǹṣì 24, á sì fi bí 11 rin ínǹṣì 36. Ìyẹn kò burú. Ohun tó burú ni irin gbọọrọ tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró, bí kò bá nípọn tó. Ẹ mú òwú bíríkìlà dání lọ́jọ́ tí ẹ máa gbà á. Ẹ na òwú náà sábẹ́ irin láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin, kí ó le, kí ẹ wá fi ìtì tó ní kókó sórí ẹ̀rọ kí wọ́n fún un nágbára. Bí irin bá ti kúrò lára òwú láàárín, ó ń tẹ̀ nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n fi irin mìíràn kún un, tàbí kí ẹ gba owó yín.

Páńpù náà ńkọ́? Ẹ béèrè èyí tó ní ipele méjì: ipele kan ń sáré nígbà tí ọ̀pá kò tíì kan igi, èkejì ń rìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára nígbà tó bá kàn án. Páńpù tókúnbọ̀ tí wọ́n tú lára típà kì í sábà ní i, ẹ́ńjìnnì kékeré á sì máa kú lórí rẹ̀. Kí alájórin tiyín jó irin, ṣùgbọ́n kí páńpù, fáàfù àti sílíńdà jẹ́ tuntun. Kí fíítà ọ́ìlì sì wà lójú pípù. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fò ó.

Ìtọ́jú rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tuntun ni kì í ní ọ́ìlì nínú rárá. Gbígbẹ ni wọ́n ń dì í sínú páálí. Ẹni tó bá kàn rọ pẹtiróòlù sí i, tó fà á, ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Irú GX200 ń gba ọ́ìlì bíi lítà 0.6, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́ lẹ́yìn wákàtí 20 tàbí oṣù kan, lẹ́yìn náà ní wákàtí 100 tàbí oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Ọ́ìlì háídírọ́líìkì, èyí tí páńpù ń tì sínú sílíńdà, yàtọ̀. AW 46 ló bá oòrùn wa mu. Ẹ rọ ọ́ kún táǹkì tirẹ̀ kí ẹ tó jí ẹ̀rọ, torí páńpù tó bá yí ní gbígbẹ kì í pẹ́ run. Bó bá ti jí, ẹ ti ọ̀pá lọ, ẹ fà á bọ̀, bí ìgbà mẹ́wàá láìfi igi sí i, kí afẹ́fẹ́ jáde. Ọ́ìlì inú táǹkì á lọ sílẹ̀; ẹ fi kún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín rọ kọ́ńdẹ̀m sí i, ẹ má sì rọ ọ́ìlì búréèkì, síìlì rẹ̀ á wú, á sì bàjẹ́. Bí ọ́ìlì bá funfun, omi ti wọ̀ ọ́. Bó bá ń hó, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbìkan, ẹ wo ìdè họ́ọ̀sì tó ti táǹkì wá. Fíítà àkọ́kọ́ ló ń kó gbogbo ìfọ́ irin tuntun, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju bí wákàtí 50 lọ.

Láàárín ẹ́ńjìnnì àti páńpù, rọ́bà kékeré kan wà tó so wọ́n pọ̀. Ẹ máa wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀kúnná dúdú tó ń kó jọ síbẹ̀, rọ́bà náà ń jẹ nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí irin má baà bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin.

Bí igi bá kọ̀ tí ẹ̀rọ sì ń ké, ẹ má dì í mú pẹ̀lú ìbínú. Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ yí igi padà, ẹ tún un gbé. Sikúrúù kan wà lára fáàfù tí àwọn mẹkáníìkì kan fẹ́ràn láti fún le kí ẹ̀rọ "lè lágbára sí i". Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi sílẹ̀. Òun ló ń gba páńpù àti họ́ọ̀sì là.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń rà á, ẹ gba síìlì sílíńdà kan kún un. Ẹ má sì ju síìlì tó jẹ nù, torí ìwọ̀n sábà máa ń wà lára rẹ̀. Họ́ọ̀sì kò nira, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ fún típà àti páílódà lè tẹ tiyín.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Bí ẹnì kan bá ń gbé igi sí i, tí ẹlòmíràn ń tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ, ìka ló máa lọ sí i. Bí ọ́ìlì bá sì ń jò lára họ́ọ̀sì, ẹ má fọwọ́ wá ihò rẹ̀. Ẹ fi páálí wá a. Ihò tí kò tó ẹnu abẹ́rẹ́ lè ta ọ́ìlì gba awọ wọlé sínú ẹran ara. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kì í tóbi, ó sì lè máà dunni lọ́jọ́ yẹn. Ẹ gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ọ́ìlì háídírọ́líìkì ló wọlé.