Rọ́bà olómi tí wọ́n ń tà fún wa n'Íbàdàn: ẹ fi fínígà dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìbòjú rọ́bà fún eré orí ìtàgé, fún fíìmù tàbí fún ọjọ́ ìbí ọmọdé, ẹ dúró ná. Ọkùnrin kan wà lórí WhatsApp tó ń ta rọ́bà olómi (oje igi rọ́bà, tí òyìnbó ń pè ní “latex”) àti ọ̀dà ìbòjú, ó ní Dùgbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù òun wà. Mi ò dárúkọ rẹ̀, torí orúkọ mẹ́ta ni mo ti gbọ́ pé ó ń jẹ́.

Nínú oṣù kẹfà, ẹgbẹ́ òṣèré kan ní kí n ṣe ìbòjú 8 fún àwọn. (Ìbòjú òṣèré ni o, kí ẹnikẹ́ni má bi mí nípa eégún.) Rọ́bà gidi tó kù nílé ni mo fi yọ gbogbo wọn nínú mọ́ọ̀dù POP, kíkùn ló kù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé akirílíìkì lásán kì í bá rọ́bà rẹ́: rọ́bà á nà, ọ̀dà ò ní nà, ló bá fọ́. Ìdí nìyẹn tá a fi ń po àwọ̀ mọ́ rọ́bà olómi kó tó kan ìbòjú. Mo ra lítà 2 lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, ₦18,000 lítà kan, pẹ̀lú ìgò ọ̀dà 6 tó ní òun ti pò mọ́ rọ́bà tán.

Ọlọ́kadà gbé e dé. Mo ṣí ike, òórùn amóníà gbá mi nímú. Amóníà ni wọ́n máa ń fi sínú oje rọ́bà kó má baà dì, ọkàn mi bá balẹ̀. Mi ò rò ó pé èèyàn lè ra amóníà kó dà á sínú nǹkan mìíràn.

Lórí tábìlì, wọ́n dára wò. Lọ́jọ́ ìdánrawò, òṣèré kan gbé tirẹ̀ wọ̀, ó lanu kígbe, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìbòjú bá là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀dà ń já bọ́ sí i láyà. Olùdarí eré wò mí: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ògiri ilé àtijọ́ la ní kẹ́ ẹ bá wa ṣe ni?” Ojú tì mí débi pé mi ò lè gba owó ọkọ̀ tí wọ́n fún mi.

Mo pe ẹni tó tà á. Ó ní ọyẹ́ ló fà á. Ọyẹ́ wo nínú oṣù kẹfà, tí òjò fẹ́ gbé Ìbàdàn lọ? Ó tún ní tó bá ki jù, kí n fi kẹrosín là á. Kẹrosín, tó ń ba rọ́bà jẹ́! Nígbà tí mo béèrè owó mi, ó dí nọ́ńbà mi pa.

Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe. Mo bu ṣíbí kan sínú ife, mo da fínígà sí i. Rọ́bà gidi á dì lójú ẹsẹ̀ bíi wàrà, tẹ́ ẹ bá sì fà á, á nà, á padà. Tirẹ̀ dúró bí omi ògì. Mo tẹ́ díẹ̀ sórí táìlì kó gbẹ, mo rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì: ó funfun padà, ó ń yọ̀ bí ilá. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà fi ń lẹ pákó ni, tó bomi là.

Ti ìgò 6 yẹn ló dùn mí jù, torí ohun tí wọ́n kọ sí i lára kì í ṣe irọ́: “latex paint”. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀dà ìkunlé tí àwa ń pè ní ẹ̀mọ́ṣọ̀n ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kò sí oje igi rọ́bà nínú rẹ̀. Ọ̀dà ògiri ló kàn rọ sínú ìgò kékeré.

Ó ti yí nọ́ńbà padà báyìí, àmọ́ àwòrán ike búlúù yẹn náà ló ṣì ń gbé síta. Gbogbo owó ló máa ń gbà kó tó ránṣẹ́, sínú àkáǹtì ẹlòmíì. Tó bá kọ̀ kẹ́ ẹ fi fínígà dán ṣíbí kan péré wò lójú rẹ̀, ẹ máa lọ ilé yín. Àwa mẹ́ta la ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá tún wà, tó ní rìsíìtì owó tó fi ránṣẹ́, kó fi hàn wá kí ọjọ́ Ajé tó pé, torí ọjọ́ náà là ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.