Ẹyẹlé Ìsàlẹ̀ Èkó àti àdàbà onílà-lọ́rùn
Wọ́n ní ẹyẹlé lẹyẹ ilé, àdàbà lẹyẹ oko. Ẹyẹlé orí páànù Ìsàlẹ̀ Èkó kò ba ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́: ènìyàn ló sìn ín dé ìgboro. Àmọ́ àdàbà onílà-lọ́rùn láti Éṣíà? Fúnra rẹ̀ ló fò láti apá Tọ́kì gba Yúróòpù kọjá. Ní 1955 ó ti pamọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí ilé àwọn ènìyàn. Ti Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ènìyàn nínú: àwọn kan bọ́ nínú àgò ní Bahamas ní 1974, wọ́n sì fò ré òkun dé Florida. Ní tèmi, àdàbà yìí ló láyà jù. Èyí tó ń ké ní Yaba kì í ṣe òun o. Ọmọ onílẹ̀ nìyẹn, bí kì í tilẹ̀ gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé.