Pọ́ọ̀ǹpù àfọwọ́yí fún epo katakata

Pọ́ọ̀ǹpù àfọwọ́yí tí mo rà ní àdúgbò Táíwò, ní Ìlọrin, ti mú kí rírọ epo dísù sí katakata wa nílé, ní Ọ̀mù-Àrán, rọrùn gan-an, nítorí pé kò sí ẹni tí ń gbé kẹ́ẹ̀gì lé èjìká tàbí tí ń wá àrọ kiri mọ́. Ẹnu dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 ni a dè é mọ́. Ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù ni omi àti ìdọ̀tí máa ń wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí páìpù rẹ̀ kúrú díẹ̀, kí ó má baà fa ẹ̀gbin tí yóò dí nọ́súlù tí ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Róbà tí epo ń gbà jáde, tí wọ́n fi kún pọ́ọ̀ǹpù náà, kò gùn tó, ó sì ń jò níbi ìdè rẹ̀. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, owó tí mo ná kò dùn mí rárá.