Áàpù mẹ́ta, ẹnu kan: máàpù tí mo fi ń wa mọ́tò n'Íbàdàn

Èrò tó bá fi fóònù pe mọ́tò ni mo ń fi Micra mi gbé. Ìdí nìyẹn tí áàpù mẹ́ta fi máa ń ṣiṣẹ́ pa pọ̀ lórí fóònù mi: èyí tó ń mú èrò wá, máàpù, àti rédíò. Máàpù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ká má parọ́, ó mọ̀nà. Ó ti mú mi wọ àwọn kọ̀rọ̀ Akóbọ̀ tí n kò dé rí, n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ohùn rẹ̀ ni wàhálà.

Ẹ wo Mókọ́lá. Kíákíá lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá bíríjì lẹ fẹ́ gùn tàbí abẹ́ rẹ̀ lẹ fẹ́ gbà. Tẹ́ ẹ bá ti gùn ún, ó parí. Ibẹ̀ gan-an, bí máàpù bá ṣe lanu báyìí, èrò mìíràn á pè, áàpù yẹn á máa dún gbọnrangandan, rédíò náà kò sì ní dákẹ́. Àfi bí agbèrò mẹ́ta tó ń fa èrò kan ṣoṣo lápá ní Ìwó Road. Ìyá kan tí mo gbé láti Challenge ní, "Dírẹ́bà, àwọn wo lẹ tún kó sínú mọ́tò yìí?" Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ a ti kọjá ibi tó yẹ ká yà.

Ètò tí Android ṣe sí i kò burú. Áàpù tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á tọrọ àyè, èyí tó ń dún tẹ́lẹ̀ á rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà Android 8, tó jáde ní 2017, fóònù fúnra rẹ̀ ló ń bá orin rẹ ohùn sílẹ̀. Orin nìyẹn o! Tí áàpù bá ti sọ fún fóònù pé ọ̀rọ̀ ẹnu lòun ń gbé jáde, bí ìròyìn tàbí ìwàásù, fóònù kì í dín in kù. Áàpù yẹn ló yẹ kó dánu dúró fúnra rẹ̀. Èyí tí mo fi ń gbọ́ ìròyìn kì í dánu dúró ní tiẹ̀. Ẹ̀bi máàpù kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀bi tí mo rí sí i ni ti Bluetooth. Tí nǹkan kan kò bá dún fún ìgbà díẹ̀, Bluetooth mọ́tò á ti sùn lọ, kó sì tó jí, ìdajì gbólóhùn ti bọ́ sílẹ̀. Iye mítà tó kù kò ní dé etí mi, "yà sọ́tùn-ún" nìkan ni màá gbọ́. Ọ̀tún wo? Láti Dùgbẹ̀ dé Mókọ́lá, ọ̀tún pọ̀ lọ súà.

Mo wọ inú sẹ́tíǹgì, mo ní kí ohùn máàpù má gba Bluetooth mọ́, kó máa jáde lára fóònù gan-an, mo sì gbé e sókè pátápátá. Sípíkà mọ́tò wá di ti rédíò nìkan. Ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ariwo áàpù èrò ló kù, ìyẹn ò sì ṣeé pa, torí oúnjẹ mi ni.

Ìràwọ̀ mẹ́rin fún ọ̀nà, méjì péré fún ohùn. Ẹni tí kì í gbé èrò, tó kàn ń gbọ́ orin lọ síbi iṣẹ́, lè máà mọ̀ pé wàhálà kankan wà.