Fíláàṣì gémù ₦7,000 láti Kàbbà: owó iṣẹ́ tọ́ sí wọn, àgádágodo ni kò tọ́

Okun o, gbogbo ilé. Ọjà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni fíláàṣì 32GB kan tí ṣọ́ọ̀bù fóònù kan ń tà ní Kàbbà ní ₦7,000. Gémù ló kún inú rẹ̀. Wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n lẹ bébà aláràbarà mọ́ ọn, wọ́n sì kọ ọ́ sára bébà náà pé àwọn ló ṣe gbogbo gémù inú rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á kọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi owó kajú tó ṣà ní oko bàbá rẹ̀ rà á. Èmi ló gbé e wá bá ní Ìsánlú pé kí n bá òun fi sórí láptọ́ọ̀pù, torí kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn wọ́n níbi tí ìyìn bá yẹ. Gbogbo ohun tó wà nínú fíláàṣì náà ló ń ṣiṣẹ́, kò sì sí fáírọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ó hàn pé ẹnì kan jókòó tì í, ó ṣa èyí tí láptọ́ọ̀pù àlòkù tí RAM rẹ̀ kò ju 4GB lọ lè gbé. Lọ́dọ̀ wa ní Yàgbà níbí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ, á bọ̀, dátà sì wọ́n. Nínú àwọn gémù tó wà níbẹ̀, SuperTuxKart, eré ọkọ̀, nìkan ju 500MB lọ, 0 A.D., eré ogun ayé àtijọ́, ju 1GB lọ. Ẹni tó bá báni daunlóòdù ìyẹn, tó bu epo sí jẹnẹrétọ̀, tó tún ra fíláàṣì, ṣé kó má gbowó ni? Kódà bí wọ́n bá gbà ju iye yẹn lọ, mi ò ní bá wọn jà.

Ìgbà tí mo ṣí gémù eré ọkọ̀ ni inú mi bàjẹ́. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ gàdàgbà síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Tux, ẹyẹ pẹngúìnì tó jẹ́ àmì Linux, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, ló jókòó sínú ọkọ̀, mi ò sì lè ṣì í mọ̀ láéláé. SuperTuxKart ni! Inú TuxKart tí Steve Baker ṣe ló ti jáde, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló sì ń tún un ṣe láti ọdún pípẹ́ títí ẹ̀dà 1.0 fi jáde ní 2019. Ibi tí orúkọ wọn wà nínú gémù náà, wọ́n ti yọ ọ́. Fáìlì láísẹ́ǹsì, ìyẹn àdéhùn tí àwọn tó ṣe gémù fi yọ̀ǹda rẹ̀ fún aráyé, wọ́n ti pa á rẹ́. Wọ́n wá fi kóòdù tì í: bí oṣù mẹ́ta bá pé, kò ní ṣí mọ́ àfi tí ẹ bá san ₦1,500 fún kóòdù tuntun.

Mo pe nọ́ńbà tó wà lára ọ̀rá. Ọmọkùnrin tó gbé e bọ̀wọ̀ fún mi gan-an. Ó ní, "Okun, sà. Ọ̀fẹ́ kúkú ni nǹkan yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tó ni ín." Mo ní, "Àbúrò mi, ó ní ẹni tó ni ín. Wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ ni, wọn ò sọ ọ́ nù."

GPL ẹ̀dà kẹta, tí Free Software Foundation, ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira àwọn tó ń lo ètò kọ̀ǹpútà, gbé jáde ní 2007, ni láísẹ́ǹsì SuperTuxKart. Kò ní kí èèyàn má tà á. Iye tó bá wù ọ́ ni kí o tà á. Ohun tó ń béèrè ni pé kí o má pa orúkọ àwọn tó ṣe é rẹ́, kí láísẹ́ǹsì náà bá a lọ, kí ẹni tó rà á lè rí kóòdù tí wọ́n fi kọ ọ́ gbà, kí o má sì dí i lọ́wọ́ láti dà á kọ fún ẹlòmíràn. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn yẹn gan-an ló rú àdéhùn. Ilé ẹjọ́ sì ti fọwọ́ sí irú àdéhùn yìí rí: ní 2004, ilé ẹjọ́ kan ní Munich ní Jámánì gbè sẹ́yìn GPL nínú ẹjọ́ tó dá lórí Netfilter, ètò inú Linux tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tó ń pọn omi kànga àdúgbò tà lè gba owó ẹrù tó rù. Kò lè fi àgádágodo ti kànga.

Apá ti fóònù nínú fíláàṣì náà ló burú jù. PPSSPP, áàpù tó ń jẹ́ kí fóònù lè gbá gémù PSP, ẹ̀rọ gémù àfọwọ́gbé Sony, ló wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé PPSSPP Gold, ẹ̀dà olówó rẹ̀, ni. Lóòótọ́, Henrik Rydgård, ará Sweden tó bẹ̀rẹ̀ PPSSPP, ń ta Gold kí ẹni tó bá fẹ́ ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn lè rà á. Ohun tí Gold ń ṣe náà ni ti ọ̀fẹ́ ń ṣe. Ti ọ̀fẹ́ ni wọ́n kó síbẹ̀, àmì rẹ̀ ṣì jẹ́ búlúù. Kọ́bọ̀ kan nínú owó ọmọ yìí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣiṣẹ́. Àwọn gémù bọ́ọ̀lù PSP tí wọ́n kó tì í ní àwọn ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n. PPSSPP fúnra rẹ̀ kì í kó gémù wọn wá. Snes9x, ètò tó ń gbé gémù ẹ̀rọ Super Nintendo àtijọ́, náà wà níbẹ̀, láísẹ́ǹsì tirẹ̀ sì kọ̀ ọ́ pátápátá pé kí ẹnikẹ́ni fi pa owó. Àlàyé dátà àti epo kò lè gbani níbẹ̀ yẹn.

Battle for Wesnoth, gémù ogun ọ̀fẹ́ kan, nìkan ni wọn ò fọwọ́ kàn, orúkọ rẹ̀ àti láísẹ́ǹsì rẹ̀ pé pérépéré. Ìyẹn fi hàn pé wọ́n mọ bó ṣe yẹ kó rí.

Mi ò lè fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́. Ọmọbìnrin kan ní SS2 ṣí fáìlì Lua (èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù) inú Luanti, gémù ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń to búlọ́ọ̀kù, èyí tí wọ́n ń pè ní Minetest tẹ́lẹ̀, ó yí àwọ̀ òkúta inú rẹ̀ padà, ó sì fò sókè ní kíláàsì. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kóòdù. Bó bá jẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n ti tì pa ló bọ́ sí i lọ́wọ́, kí ni ì bá rí ṣí?

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún wọn, ti làálàá wọn sì ni méjèèjì. Ẹ má ra èyí tó ní kóòdù yẹn. SuperTuxKart àti PPSSPP wà lórí Play Store lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí kò bá sì ní dátà ní Ìsánlú, kó gbé fíláàṣì wá bá mi níléèwé, màá da SuperTuxKart, 0 A.D. àti Wesnoth kọ fún un. Bí ṣọ́ọ̀bù náà bá tú kóòdù kúrò, tó dá orúkọ àti láísẹ́ǹsì padà, tó yọ Snes9x àti àwọn gémù PSP, èmi fúnra mi ni màá máa darí àwọn òbí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ dá ₦1,500 tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ra kóòdù kejì padà fún un.