Catherine ti Aragon àti Anne ti Cleves

Nínú àwọn aya mẹ́fà tí Henry Kẹjọ, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́, méjì ni ó kọ̀ sílẹ̀ láìgba ẹ̀mí wọn. Catherine, ọmọ ọba Spéènì, ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọdún 1509, òun ni ọba sì fi ìjọba sí lọ́wọ́ nígbà tí ó lọ jagun ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1513. Nígbà tí ọba fẹ́ lé e nítorí àìní ọmọkùnrin, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nílé ẹjọ́ lọ́dún 1529, ó ní aya tòótọ́ ni òun, ó sì jáde. Wọ́n pè é padà, kò yà sí wọn. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe yà á kúrò lọ́dọ̀ Mary, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tí ó yè, títí ó fi kú lọ́dún 1536.

Anne, ará Jámánì, kò lò ju nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ lọ́dún 1540. Ó gbà láìjanpata pé kí ọba kọ òun sílẹ̀, ọba fún un ní ààfin Richmond, ó sì ń pè é ní arábìnrin òun.

Àwọn kan a máa pe Anne ní ọlọ́gbọ́n, wọn a sì pe Catherine ní olóríkunkun. N kò fara mọ́ ọn, nítorí pé Anne kò ní ọmọ tí yóò pàdánù ẹ̀tọ́ sí ìtẹ́, ṣùgbọ́n bí Catherine bá gbà pé òun kì í ṣe aya tòótọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi sọ Mary di ọmọ àlè.