Ṣájà wo ló yẹ kí ẹ rà fún bátìrì mọ́tò iwájú ọkọ̀ apẹja yín?

Ẹni tó bá ń ra ọkọ̀ apẹja ní Houston tàbí Dallas, orí mọ́tò àti ẹ̀rọ tó ń fi ẹja hàn lábẹ́ omi ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dá lé. Ṣájà ló máa ń kẹ́yìn nínú ìnáwó, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pinnu bóyá mọ́tò iwájú, èyí tí wọ́n ń pè ní trolling motor, máa ṣiṣẹ́ dé ọ̀sán lọ́jọ́ kejì. Àwọn tó ti lo inverter nílé mọ̀ pé iye wákàtí tí NEPA bá fi mú iná wá ló ń sọ bí bátìrì ṣe máa pẹ́ tó lóru. Ní ti ọkọ̀ apẹja, òru kan ṣoṣo tó wà láàárín ọjọ́ méjì ìpẹja ni NEPA yín. Iye wákàtí tí ẹ ní lóru yẹn, àti irú bátìrì tó wà nínú ọkọ̀, ni mo máa ń béèrè kí n tó dárúkọ ṣájà kankan fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ ka bátìrì kí ẹ tó ka owó

Mọ́tò iwájú tó jẹ́ fólítì 12 ń lo bátìrì kan, agbára títì rẹ̀ kì í sì í sábà ju 55 pọ́n-ùn lọ. Ti fólítì 24 ń lo méjì tí a so pọ̀ ní síríìsì, ìyẹn pé a so orí pupa ọ̀kan mọ́ orí dúdú èkejì kí fólítì wọn lè papọ̀, ó ń dé nǹkan bí 80 pọ́n-ùn. Ti fólítì 36 ń lo mẹ́ta, ilé iṣẹ́ Minn Kota sì ń ta èyí tó dé 112 pọ́n-ùn. Bátìrì kọ̀ọ̀kan fẹ́ ojú tirẹ̀ lára ṣájà, ìyẹn wáyà pupa kan àti dúdú kan tó lọ sórí òun nìkan.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣírò dáadáa títí dé ibẹ̀, wọ́n á wá gbàgbé bátìrì tó ń sítáàtì ẹ́ńjìnnì ńlá lẹ́yìn. Ara rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fi ẹja hàn, iná ọkọ̀ àti páǹpù àpótí ẹja ti ń fa iná látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tí mọ́tò rẹ̀ jẹ́ fólítì 24 fẹ́ ṣájà olójú mẹ́ta, ti 36 sì fẹ́ olójú mẹ́rin. Ẹni tó bá ra olójú méjì torí pé ó dín lówó díẹ̀ máa padà ra òmíràn lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò sítáàtì láàárín adágún Lake Livingston.

Nọ́ńbà ara páálí

Tí wọ́n bá kọ áńpíà 20 sára páálí ṣájà olójú méjì, àpapọ̀ ni wọ́n kọ. Ojú kọ̀ọ̀kan ń fún bátìrì rẹ̀ ní 10 péré. Minn Kota fi í sínú orúkọ ọjà rẹ̀: MK 210 jẹ́ olójú 2, áńpíà 10 lápapọ̀, ìyẹn 5 fún bátìrì kan. MK 330 jẹ́ olójú 3, ó ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 10. MK 345 náà jẹ́ olójú 3, ṣùgbọ́n 15 ló ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ NOCO yí tirẹ̀ po: GENPRO10X2 túmọ̀ sí áńpíà 10 lójú méjì. ProSport, ṣájà ilé iṣẹ́ ProMariner, tún gba ọ̀nà míì. Ó ń kó áńpíà tó ní lọ síbi tí bátìrì ti ṣófo jù, tí ọ̀kan bá sì ti kún, ìpín tirẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ àwọn yòókù. Èyí wúlò púpọ̀ fún ọkọ̀ tí bátìrì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣófo, tí ti mọ́tò iwájú sì ń dé ilé ní ìdajì tàbí kó kéré sí i.

Ìṣirò bí ó ṣe máa pẹ́ tó fún bátìrì 100 Ah kan rèé (Ah ni áńpíà tí a fi wákàtí sọ di púpọ̀, ìyẹn iye iná tí bátìrì lè gbà). Bátìrì lead (ti òjé, ìyẹn olómi àti AGM, èyí tí wọ́n dì pa tí a kì í bu omi sí) kì í gba iná kíákíá mọ́ tó bá ti ń kún, nítorí náà mo ti fi wákàtí ìparí yẹn kún tirẹ̀.

| Áńpíà fún bátìrì kan | AGM tí ẹ lo ìdajì rẹ̀ | Lithium tí ẹ lo 80 nínú 100 |
|---|---|---|
| 5 | wákàtí 12 sí 13 | wákàtí 16 |
| 10 | wákàtí 7 sí 8 | wákàtí 8 |
| 15 | wákàtí 5 sí 6 | wákàtí 5 àbọ̀ |

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ dáadáa. Lithium tí gbogbo ayé ń sọ pé ó ń tètè kún ló pẹ́ jù níbẹ̀, torí pé ẹ lo iná púpọ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbé e wálé. Ó lágbára láti gba iná kíákíá lóòótọ́, àmọ́ ṣájà ló gbọ́dọ̀ ní in láti fún un. Ẹni tó bá ra lithium olówó gọbọi, tó wá fi ṣájà áńpíà 5 àtijọ́ sílẹ̀, owó rẹ̀ kò tíì ṣiṣẹ́.

Ẹ wá fi aago yín sí i. Ẹ ti Lake Conroe dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ fọ ọkọ̀, ẹ jẹun, ẹ ki pọ́lọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní aago mẹ́wàá. Aago márùn-ún ìdájí, ẹ tún ti ń fa ọkọ̀ jáde. Wákàtí méje nìyẹn: áńpíà 10 á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, 15 á tó, 5 kò lè tó láéláé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ ní Sátidé nìkan, tó sì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, kò nílò 15. Odindi ọ̀sẹ̀ ló ní. Kó ra 5 tàbí 6, kó fi owó yòókù kún ti bátìrì, ohun yòówù kí ọlọ́jà sọ.

Ọ̀nà tí iná ń gbà dé inú bátìrì

*Ṣájà àgbékiri.* Òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Ó dára fún ọkọ̀ pẹlẹbẹ kékeré tàbí kayak tó ní bátìrì kan ṣoṣo. Ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo fún ẹni tó ń gbé apartment, torí ta ló máa jẹ́ kí ẹ na wáyà láti àjà kẹta wá sí ibi ìgbọ́kọ̀sí? Bátìrì lẹ máa yọ, ẹ máa gbé e gòkè. Níbí ni ìwúwo ti di ọ̀rọ̀: AGM ìwọ̀n Group 31 ń tó 65 sí 70 pọ́n-ùn, lithium 100 Ah kì í sábà ju 30 lọ. Ẹ má ṣe gba iná sí bátìrì olómi nínú yàrá, nítorí gáàsì háídírójìn tó ń tú jáde lè gbaná. Tí bátìrì bá ti di méjì tàbí mẹ́ta, ṣájà àgbékiri á sú yín. Ẹ ó máa tú u, ẹ ó máa so ó, ẹ ó sì gbàgbé ọ̀kan.

*Ṣájà tí a dè mọ́ ọkọ̀.* Ohun tí mo máa sọ pé kí èyí tó pọ̀ jù nínú yín rà nìyí. Wọ́n ti dì í pa kí omi má wọ inú rẹ̀, wáyà rẹ̀ wà lórí bátìrì nígbà gbogbo, pọ́lọ́ọ̀gì kan ṣoṣo lẹ máa kì. Ojú kọ̀ọ̀kan dá dúró, nítorí náà ẹ kò ní tú síríìsì kí ẹ tó gba iná. Pupa àti dúdú ojú kan gbọ́dọ̀ wà lórí bátìrì kan náà. Ẹ má ṣe gbé pupa sórí bátìrì kìíní kí ẹ gbé dúdú sórí ìkejì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá ẹ lè yan irú bátìrì fún ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọkọ̀ tó ní AGM fún ẹ́ńjìnnì àti lithium fún mọ́tò iwájú ti pọ̀ gan-an báyìí, ṣájà tó ń fi ìlànà kan náà bá gbogbo ojú lò kò bá a mu.

*Láti ara ẹ́ńjìnnì.* Àwọn ṣájà kan ń gba iná lára alternator ẹ́ńjìnnì ńlá nígbà tí ẹ bá ń sáré lórí omi. Ọlọ́jà á sọ pé ẹ kò ní nílò sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: tó bá ń fúnni ní áńpíà 10, tí ẹ sì sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ibi ìsọ̀kalẹ̀ dé ibi ẹja, kò tó 2 Ah tí ẹ rí. Mọ́tò iwájú oní 55 pọ́n-ùn lè fa nǹkan bí áńpíà 50 tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dópin, ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ló sì fi máa jẹ 2 Ah yẹn tán. Ó wúlò fún àwọn tó ń díje, tí wọ́n ń sáré kiri lórí adágún ńlá látàárọ̀, kó sì jẹ́ àfikún sí ṣájà ilé. Ẹ má ṣe so lithium mọ́ alternator láìsí ẹ̀rọ tó ń ṣe ìlànà láàárín wọn. Ẹ́ńjìnnì kékeré kò ní áńpíà tó pọ̀ tó fún irú iṣẹ́ yìí.

*Oòrùn.* Pánẹ́ẹ̀lì 100 wáàtì ń mú nǹkan bí áńpíà 5 wá nígbà tí oòrùn bá mú gan-an. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn létí omi níbi tí kò sí iná ló wà fún.

Olómi, AGM, lithium

Olómi ni owó rẹ̀ kéré jù, iṣẹ́ rẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Ẹ gbọ́dọ̀ máa fi distilled water kún un, lẹ́yìn tó bá ti gba iná tán, kì í ṣe ṣáájú. Ibi tó wà nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ nígbà tó bá ń gba iná. AGM kò fẹ́ omi, ó fara da ìgbì dáadáa. Àwọn méjèèjì kì í pẹ́ tí ẹ bá ń lo ju ìdajì wọn lọ, wọ́n sì kórìíra kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní òfìfo. Alẹ́ ọjọ́ tí ẹ lò wọ́n gan-an ni kí ẹ fún wọn níná.

Lithium tó wà fún ọkọ̀ jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní LiFePO4. Fólítì 14.6 ni òpin ohun tó fẹ́ fún bátìrì 12, kò sì fẹ́ ìlànà tí ṣájà àtijọ́ fi ń tú ìdọ̀tí ara lead, èyí tó ń gbé fólítì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kò gbọdọ̀ gba iná sí i nígbà tí òtútù bá ti wọ ìsàlẹ̀ 0 dígírì Celsius. Ní Houston ìyẹn kì í sábà jẹ́ wàhálà. Ẹni tó ń gbé Chicago tàbí Minneapolis ní láti wá bátìrì tó lè mú ara rẹ̀ gbóná, tàbí kó gbé e wọlé. Tí ẹ bá sì ra lithium kan ṣoṣo tó jẹ́ odindi fólítì 36, ṣájà olójú mẹ́ta kò wúlò fún un mọ́. Ṣájà fólítì 36 olójú kan ló fẹ́, tó ń dúró ní 43.8, ẹ ó sì wá ṣájà míì fún bátìrì ẹ́ńjìnnì.

Ta ló yẹ kó ra lithium? Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ jẹ́ 36. AGM mẹ́ta wúwo ju 190 pọ́n-ùn lọ, lithium mẹ́ta ń lọ sí 90, ọkọ̀ á sì fúyẹ́. Fún ọkọ̀ fólítì 12 tó ń lọ sómi lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, AGM dáadáa pẹ̀lú ṣájà áńpíà 10 ti tó. Èmi kò rí ìdí láti ná jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ọkọ̀ bá jẹ́ àlòkù

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù ń bá ṣájà rẹ̀ wá, oníṣòwò á sì kà á mọ́ ohun ẹ̀yẹ. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀yìn, ẹ ka ara rẹ̀: ojú mélòó, áńpíà mélòó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣé ó kọ lithium síbẹ̀. Ẹ tẹ̀lé wáyà pupa kọ̀ọ̀kan dé orí bátìrì kí ẹ rí i pé fíúsì wà lórí rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n wá, oníwáyà géèjì 14 tàbí èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀, ẹ so ó mọ́ ọkọ̀ kí ẹ tó kì í bọ ògiri, kí ẹ sì wo iná kékeré ojú kọ̀ọ̀kan. Tí ojú kan bá kọ̀ tí kò tàn, ẹ yọ owó ṣájà tuntun kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.